Ewé Fífọ́

Ọjọ́ kẹta oṣù ni owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé,
ọjọ́ kẹrin ló ń jáde.
Oníná ti gba tirẹ̀, onílé ti gba tirẹ̀,
oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.
Ohun tó kù ni mo so mọ́ etí sárì mi,
ọgọ́sàn-án rupí,
mo wọ tíráàmù tó ń rìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn,
ó di ìsọ̀ Bhabatosh, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́.

Nígbà tí Prasanta wà láyé, kì í bèèrè iye.
Ewé àkọ́rú ló máa ń rà,
èyí tí wọ́n já lórí òkè Dárjílìn kí oòrùn tó mú,
tó gùn, tó rọ̀, tó hu irun funfun bí etí ológbò.
Ó kú, ó fi agolo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.
Mo ń ṣí i, mo ń gbóòórùn, mo ń dé e padà,
títí dọjọ́ kan tí mo ṣí i,
tó jẹ́ òórùn páànù nìkan ló kù.

Mo kọ́kọ́ ra ti inú ọ̀rá nísàlẹ̀ ilé wa.
Ó pupa! Kí omi tó hó ló ti pupa.
Ẹ má gbàgbé iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun:
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nílé ìtẹ̀wé,
tí mò ń ṣa àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ "ojúlówó" sára ọ̀rá náà.
Ohun tó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ̀ẹ̀kan ti tó o.
Mo bu omi tútù sí ife, mo wọ́n ewé díẹ̀ sí i,
mo jókòó tì í bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ọmọ nídàánwò.
Kò tó ìṣẹ́jú kan,
ó ti ń ṣí bí aṣọ tí wọn ò rẹ dáadáa.
Tíì gidi ń dúró de iná, kì í kánjú.
Mo da ìyókù sídìí òdòdó.
Òdòdó ọ̀hún ò tíì sọ nǹkan kan.

"Nibedita-di, kí lẹ fẹ́?"
Ojú tì mí. Mo ní ọgọ́sàn-án ni mo mú wá.
Bhabatosh ò wo ọwọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀,
ó fa àpótí kan yọ lábẹ́ tábìlì,
àpótí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára.
Ó bu ewé sí àtẹ́lẹwọ́, ó mí èémí gbígbóná sí i,
ó nà án sí mi nímú.
Òkè ni mo gbọ́. Ìrì ni mo gbọ́.
Mo gbọ́ Prasanta tó ń bú ìwé ìròyìn láàárọ̀.

"Oko kan náà ni," ó ní, "igi kan náà, ọjọ́ kan náà.
Nígbà tí wọ́n ń jọ ewé, èyí tó gùn dúró lórí asẹ́,
èyí tó fọ́ jábọ́.
Olówó ń fi ojú ra tíì. Ẹ fi imú ra tiyín."

Ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ṣẹ́ńjì tó kù gbé mi délé.

Ewé fífọ́ máa ń yára. Ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sẹ́ ẹ;
tó bá jù bẹ́ẹ̀, a korò bí àna tí wọn ò kí.
Mi ò fi mílíìkì sí i. Mílíìkì náà ti gbówó lórí.
Omi kejì ni mo máa ń fún Tuktuki, ọmọ yàrá kejì,
tó ń kàwé lábẹ́ gílóòbù mi nítorí tiwọn ti jó.
Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ife, ó mu ún, ó dákẹ́ díẹ̀.
"Mashi, èyí mà dùn o. Ẹ ti di olówó ni?"
Mo ní kó wo ìlà kejì, ọ̀rọ̀ kẹrin:
lẹ́tà kan ti jábọ́ níbẹ̀.